Ọdún Tí Ọyẹ́ Kò Dé Kòtò Ìrókò

Ọjọ́ Àìkú, 8 oṣù kìíní 1989

Iwájú ìwé yìí jẹ́ ti Mùsíyé Philippe, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ tèmi. Bí Mùsíyé bá ṣèèṣì ṣí i láti ẹ̀yìn, kí wọ́n rántí pé olè ni ẹni tó ń ka ohun tí a kò kọ sí i.

Ìjìyà ni. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ agogo ilé-ẹ̀kọ́ yẹn, wọ́n lé mi wálé láti kọlẹ́ẹ̀jì Atakpamé títí di ọdún Àjíǹde. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé èmi kọ́ ni mo gbé agogo. Ewúrẹ́ tí wọ́n so agogo mọ́ lọ́rùn ni mo gbé. Mùsíyé Philippe, tí wọ́n ń kọ́ wa ní sáyẹ́ǹsì, ní bí mo ṣe mọ iṣẹ́ ibi ṣe tó yìí, àwọn yóò wá iṣẹ́ rere fún mi. Lánàá wọ́n gun mobilẹ́ẹ̀tì, alùpùpù wọn kékeré, wá bá mi nílé wa létí adágún Nangbéto, wọ́n kó ẹrù ìjìyà lé mi lọ́wọ́: okùn gígùn tí a ta kókó sí ní ìnà-apá kọ̀ọ̀kan, ìgò tí a so òkúta mọ́ nídìí, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn lára ìdérí ìgò náà, àti ọ̀pá gíláàsì kékeré tó ń wọn ooru. Kí n máa sọ ìgò sínú omi, kí n fa ìdérí yọ nígbà tó bá dé kókó tí mo fẹ́, kí n fà á jáde, kí n wọn ooru omi inú rẹ̀, kí n gbóòórùn rẹ̀, kí n kọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹlẹ́wọ̀n tó wà ní Lomé ń sinmi jù mí lọ.

Bàbá wo gbogbo ẹrù náà, wọ́n fi orúkọ ilé pè mí, wọ́n ní, "Igbẹ́kọ̀yí. Igbẹ́ kọ̀ ọ́, kọlẹ́ẹ̀jì náà kọ̀ ọ́. Jẹ́ ká wò ó bóyá omi á gbà ọ́."

Ọjọ́rú, 11

Kòtò Ìrókò jìn ní ìnà-apá méje. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ Akparé pé àádọ́rin ni.

Àfonífojì tí Bàbá ń gbin iṣu sí ni kí ìjọba tó sé odò, tí adágún fi dé. Òkè yí i ká. Ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo ló so ó mọ́ adágún ńlá, omi ibẹ̀ kò sì kọjá àyà mi. Omi tó wà nísàlẹ̀ Kòtò kò rí ọ̀nà jáde, èyí tó wà níta kò sì rí ọ̀nà wọ ìsàlẹ̀. Ó dà bí ìkòkò tí wọ́n gé ètè rẹ̀ díẹ̀. Etí rẹ̀ ni Bàbá kọ́ àkàjà sí: wọ́n gún ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ nínú omi, ẹ̀ka bí ẹgbẹ̀rún (mo kà á, n kò parọ́, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ni), kí ẹja sá wọ inú rẹ̀, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sanra, títí di ọjọ́ tí a ó fi àwọ̀n ńlá yí wọn ká.

Àwọn tí omi lé gba ilẹ̀ tuntun lókè. Bàbá kọ̀ ọ́. Wọ́n ní òkúta ló pọ̀ ju erùpẹ̀ lọ níbẹ̀, pé àwọn kò ní fi ọkọ́ ja ìjà tí ọkọ́ kò lè jà. Àkàjà yìí nìkan ló kù fún wa. Nígbà Kérésì, Tàǹtí Léonie, àbúrò Bàbá tó ń gbé Lomé, ní kí wọ́n fún àwọn ní Justine àbúrò mi, kó máa ṣiṣẹ́ ilé fún àwọn. Bàbá ní kí wọ́n dúró di Àjíǹde. Bí àkàjà bá yè, Justine dúró nílé, ó wọ CM2, kíláàsì ìkẹyìn ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá yè, kí Tàǹtí wá mú un.

Justine pé ọdún mọ́kànlá. Ó burú. Ẹran inú ọbẹ̀ mi ni tirẹ̀. N kò fẹ́ kó lọ.

Lókè: ìwọ̀n mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Nísàlẹ̀: mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14

Ooru oṣù kìíní yìí lè se ẹyin nínú adìyẹ. Èdùmàrè, níbo ni ọyẹ́ wà? Ní àkókò yìí lọ́dún tó kọjá, ètè mi ya débi pé n kò lè rẹ́rìn-ín sí ohun tí èmi fúnra mi sọ.

Mùsíyé wá. A jókòó sínú ọkọ̀ igi láàárín Kòtò, oòrùn ń din wá. Wọ́n ní omi òkè ni afẹ́fẹ́ ń kàn, òun ló ní èémí tí ẹja ń mí. Nígbà ọyẹ́, otútù mú omi òkè, ó wúwo, ó rì, ó gbé èémí lọ bá ìsàlẹ̀. Bí ọyẹ́ kò bá dé, omi òkè gbóná, ó fúyẹ́, ó sùn lórí omi ìsàlẹ̀ bí epo lórí ọbẹ̀. Ìsàlẹ̀ á máa jẹ èémí rẹ̀ níwọ̀nba, níwọ̀nba, títí yóò fi tán. Lẹ́yìn náà ikú tó wà nísàlẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni òkun ńlá kan wà láàárín ilẹ̀ wa àti ilẹ̀ àwọn Faransé. Ilẹ̀ yí i ká, ẹnu rẹ̀ tóóró. Etí rẹ̀, ní Marseille, ni Mùsíyé ti kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́ta. Afẹ́fẹ́ tútù tó ń fẹ́ níbẹ̀ nígbà òtútù ló ń ti omi rẹ̀ rì lọ sísàlẹ̀. Ní ọjọ́ kan Mùsíyé bi olùkọ́ wọn pé tí afẹ́fẹ́ yẹn bá rẹ̀ ńkọ́, tí ayé bá ń gbóná ńkọ́. Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín, ó ní òkun tóbi jù fún irú ìyẹn. Mùsíyé ti wo ìwé tí wọ́n ń kọ òjò àti ooru sí ní Atakpamé láti ìgbà tí bàbá wọn kò tíì láya: ọyẹ́ ń kúrú, ooru ń ga. Wọ́n ní òkun tóbi lóòótọ́, yóò pẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó hàn lára rẹ̀. Kòtò Ìrókò kò tóbi. Nǹkan tí òkun yóò fi ọgọ́rùn-ún ọdún sọ, Kòtò lè sọ ọ́ fún wa kó tó di Àjíǹde.

Mo ní bóyá iná ìdáná Justine ló ń mú ayé gbóná. Wọn kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ẹtì, 20

Ooru. Abọ́ àgbàdo kan ti di igba fráǹkì ní ọjà Anié. Mo sọ fún Justine pé ẹgbẹ̀rún ni, ó sunkún, ìyá mi fi ìpọnbẹ̀ gbá mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28

Mo ti wá ọgbọ́n tí kò sí nínú ìwé Mùsíyé. Mo ń da omi kókó kọ̀ọ̀kan sínú igbá, èmi á fi ọmọ ẹja kan sí i, Justine á máa kà. Nínú omi kókó kìíní dé ìkẹrin, ẹja ń lúwẹ̀ẹ́ bí ọmọ ọlọ́rọ̀. Nínú omi kókó karùn-ún, Justine kà dé ogójì, ẹja dojú dé. Omi náà ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Justine ní ẹnu mi ni. Kí n tó dá a lóhùn, ó ti da ẹja náà padà sínú odò, ó ń fi ìka mì ín kó lè jí.

Ó jí. Ọ̀kan péré.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 oṣù kejì

Ikú ti dé kókó kẹrin.

Mùsíyé ń lọ sí Lomé fún ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko. Wọ́n yìn mí nítorí ọgbọ́n ọmọ ẹja, mo sì gbéra ga tó òkè Atakpamé. Kí wọ́n tó tẹ mobilẹ́ẹ̀tì, wọ́n mú mi léjìká. Wọ́n ní, "Raymond, kọ ohun tí o rí. Má ṣe nǹkan kan sí omi náà kí n tó dé, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe é." Mo ní mo gbọ́.

Ọjọ́rú, 8

Mísà Ọjọ́rú Eérú. Kí fádà tó dé orí ẹni kejì, òógùn ti sọ eérú iwájú orí mi di ẹrẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 12

Kókó kẹta. Àkàjà kò jìn ju ìnà-apá méjì lọ. Mo ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mẹwàá, bóyá ó lè yí padà.

Mo bẹ Bàbá pé ká ṣí àkàjà kíá. Wọ́n ní ẹja inú rẹ̀ kò tíì ju ìka lọ, ta ni yóò ra ìka? Pé àwọ̀n ńlá ń bẹ lọ́dọ̀ Bàbárímisá apẹja ní Akparé, ọjọ́ kejì Àjíǹde ni wọ́n jọ fàdéhùn sí. Mo ní ẹja máa kú. Bàbá ní ní oṣù tó kọjá mo sọ pé mo rí ọ̀nì tó wọ fìlà. Wọ́n ní kí n lọ ṣẹ́ igi wá.

Bàbá Ẹ̀taòkò, àgbàlagbà tí wọ́n ń bọ odò fún gbogbo etí omi yìí, wà nínú ọkọ̀ wọn, wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n pè mí ní ọmọ olè agogo gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Wọ́n ní láti ọjọ́ táláyé ti dáyé, ọyẹ́ kò ṣìnà rí, àlejò tó mọ ilé ni. Bí irú àlejò bẹ́ẹ̀ kò bá wá, kì í ṣe pé ó gbàgbé ọ̀nà. Nǹkan ló ṣe é. Wọn kò mọ ohun tó ṣe é. Ẹ̀rù bà mí, torí pé kò sí ohun tí Bàbá Ẹ̀taòkò kì í mọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18

Mo fẹ́ kọ èyí bó ṣe rí gan-an, láìfi iyọ̀ sí i.

Ní àárọ̀ mo bá Bàbá lọ sí ebè díẹ̀ tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ òkè. Wọ́n ń dé ebè. Wọ́n ń kó koríko àti ewé lé orí ebè kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi erùpẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kí oòrùn má baà se iṣu inú rẹ̀. Ẹni tí kò bá dé ebè ní ọdún ooru, iṣu sísè ni yóò wà. Mo ń wo ọwọ́ wọn. Mo ní: bí oòrùn ló ń mú omi gbóná, kí ló dé tí a kò lè dé omi bí a ti ń dé ebè? Ká kó ewé tútù lé àkàjà lórí, òjìji á wà, omi òkè á tutù, á rì, ẹja á mí.

Mo sọ ọ́ nídìí oúnjẹ ọ̀sán. Bàbá wò mí bí ẹni tó rí bàtà nínú ọbẹ̀. Mo mọ ojú yẹn. Ojú ọ̀nì tó wọ fìlà ni. Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti ní, "Mùsíyé ló sọ ọ́."

Ọwọ́ Bàbá dúró. "Mùsíyé Philippe?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Wọ́n ní ká fi ewé dé omi?"

"Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní Marseille."

Bàbá jẹ òkèlè kan pẹ́ títí. Lẹ́yìn náà wọ́n ní ọ̀la jẹ́ ọjọ́ Olúwa, pé ní ọjọ́ Ajé kí gbogbo wa jí kùtù.

Irọ́ náà kò dùn mí. Mo rò pé òótọ́ ni, orúkọ ni mo kàn yá.

Ọjọ́ Ẹtì, 24

Ọjọ́ márùn-ún ni a fi gé ewé. Ewé máńgòrò, ewé igi tíìkì tó fẹ̀ bí àwo. Ìyá mi ń ru, Justine ń ru, Bàbá Ẹ̀taòkò ń ráhùn pé láti ìgbà tí a ti bí àwọn, a kò fi aṣọ bo odò rí, wọ́n sì ń ru. Bàbá ń kọrin. N kò gbọ́ orin lẹ́nu wọn láti ìgbà tí omi ti gba oko. Wọ́n to ewé sórí àkàjà bí ẹni ń bo orí ilé, wọ́n fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́, wọ́n padà sẹ́yìn wò ó, wọ́n ní, "Ebè tó tóbi jù lọ ní Togo."

Mo wọn omi lábẹ́ ewé: mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ti di méjìdínlọ́gbọ̀n! Mo ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹyẹ fi sá dé Benin. Bàbá gbá mi léjìká. Bàbá tèmi, wọ́n gbá mi léjìká! Justine ní nígbà tí òun bá wọ CM2, òun á kọ ọ́ sínú àròkọ pé ẹ̀gbọ́n òun ló gba ẹja là, òun á sì yọ ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ kúrò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 oṣù kẹta

Ewé ti ń rì. Omi abẹ́ rẹ̀ pọ́n bí omi àgbo. Kókó kejì.

Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Kókó kejì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, gbogbo ẹja àkàjà wà lójú omi, wọ́n ń la ẹnu, wọ́n ń pa á dé. Ẹnu bí ẹgbẹ̀rún. Lóòótọ́, bí ẹgbẹ̀rún. Bàbá ní wọ́n ń ṣeré. Lẹ́yìn náà wọ́n ní bóyá òjìji kò tó, pé ká tún gé ewé sí i.

Ibi tó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ nìyí. Mo mú àdá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18

Mùsíyé ti dé. Wọn kò tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí mobilẹ́ẹ̀tì tán tí wọ́n ti rí ewé. Wọ́n wọ ọkọ̀ pẹ̀lú mi, wọ́n bu omi sọ́wọ́, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n jókòó síbẹ̀, omi ń kán láàárín ìka wọn. Wọ́n ní ewé tó ń rà náà ń jẹ èémí. Pé ẹni mẹ́wàá ni a tì mọ́ yàrá tí kò ní fèrèsé, a wá tún dá iná sí àárín wọn.

Wọ́n bi mí pé ta ló ní kí a fi ewé dé omi.

Bàbá dúró létí omi, wọ́n ń juwọ́ sí wa. Wọ́n fẹ́ gbọ́ ohun tí Mùsíyé ń sọ nípa iṣẹ́ náà.

Mo ní, "Bàbá ni."

Mùsíyé kò bínú. Wọ́n ní àgbẹ̀ ni, àgbẹ̀ a máa ṣe ohun tí ilẹ̀ kọ́ ọ. Wọ́n lọ bá Bàbá létí omi, wọ́n bá wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń bá ọlọ́fọ̀ sọ̀rọ̀, pé kò sí ẹni tó lè mọ̀, ṣùgbọ́n kí a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ewé náà lónìí. Mo dúró lẹ́yìn wọn, mo ń retí ìgbà tí Bàbá yóò ní, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ká ṣe é. Bàbá kò sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn dúpẹ́. Wọ́n wọ inú omi pẹ̀lú ṣòkòtò tó wà lára wọn.

Ọjọ́bọ̀, 23

A ń yọ ewé. Ohun tí a fi ọjọ́ márùn-ún kó wọlé kò jáde ní ọjọ́ márùn-ún. Ó ti di ẹrẹ̀ dúdú, ó ń yọ́ lọ́wọ́ ẹni. Ẹsẹ̀ ìyá mi wú. Bí a ti ń fa ewé ni à ń rú ìsàlẹ̀ sókè, òórùn náà kò jẹ́ ká jẹun. A ti yọ ìdajì, bóyá ó dín.

Ìnà-apá kan àbọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25

Ìjì dé ní ọ̀sán. Òjò àkọ́kọ́ láti oṣù kẹwàá, gbogbo ènìyàn sá jáde lọ jó nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ náà tutù, ó tutù bí ọyẹ́, ó fi oṣù mẹ́ta pẹ́ dé. Ó gba ojú Kòtò, ó ń tì í lọ sí apá kan bí ẹni ń da àwo nù. Bàbá Ẹ̀taòkò ní ẹ wò ó, àlejò wa ti dé. Èmi ń wo àwọ̀ omi. Ní àárín, ó ń dúdú. Ìsàlẹ̀ ti ń wá sókè. Ó ń bọ̀ ní gbogbo rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọjọ́ Àjíǹde

Funfun. Láti etí kan Kòtò dé ìkejì, funfun, ikùn ẹja lókè.

N kò fi nǹkan kan kún un.

Ọjọ́ Ajé, 27

Bàbárímisá dé láti Akparé pẹ̀lú àwọ̀n ńlá àti ọmọkùnrin mẹ́rin, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. Wọ́n dúró létí omi. Wọ́n ní ẹ pẹ̀lẹ́. Àwọn ọmọ náà tún ká àwọ̀n.

Èpìà tó kú náà gùn tó àtẹ́lẹwọ́ Bàbá. Wọ́n ti sanra.

Ọjọ́ Ẹtì, 31

Ìyá mi yan èyí tí kò tíì bẹ́, wọ́n rù ú lọ sí ọjà Anié. Obìnrin kan mú ọ̀kan, ó gbé e sí imú, ó dá a padà, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró. Ẹni méjì mìíràn kò tilẹ̀ mú un. Wọ́n ru gbogbo rẹ̀ padà. Bàbá gbẹ́ kòtò, a sin ẹja bí ẹni ń sin òkú.

Bàbá lọ béèrè ilẹ̀ olókùúta lókè. Wọ́n ní ó ti tán.

Ọjọ́rú, 5 oṣù kẹrin

Kọlẹ́ẹ̀jì ní kí n padà wá. N kò tíì lọ. Mùsíyé ránṣẹ́ pé kí n má ṣe dá wíwọ̀n náà dúró, pé ohun tí mo kọ sí iwájú ìwé yìí níye lórí. Ó níye lórí fún ta ni?

Tàǹtí Léonie ti kọ̀wé. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọn yóò mú Justine.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Ìyá mi kò bá wa lọ, ẹsẹ̀ wọn tó wú kò tíì san. Bàbá, èmi àti Justine la lọ sí Atakpamé. Tàǹtí Léonie ń dúró ní ibùdókọ̀ pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ìbí Justine nínú báàgì, wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ Bàbá láti Kérésì. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Wọ́n ra búrẹ́dì fún un, wọ́n tún ìdì orí rẹ̀ so. Wọ́n ní ilé àwọn ní ẹ̀rọ omi nínú àgbàlá, Justine kò ní pọn omi lódò mọ́.

Justine ti ń gbéra ga láti àárọ̀. Ó ní òun ń lọ wo òkun, pé Kòtò wa kò tó omi tí wọ́n fi ń fọ ẹsẹ̀ ní Lomé. Ó wá fà mí lápá sí ẹ̀yìn ọkọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ó di ìgbà wo?"

Mo ní títí oúnjẹ á fi wà. Títí òjò á fi rọ̀ dáadáa.

"Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́."

Mo mọ ohun tó fẹ́. Ó fẹ́ kí n ní ọ̀nì tó wọ fìlà yóò wá gbé e padà kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Mo la ẹnu. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó dúró títí, ó wá gbá mi nínú díẹ̀, bí ìgbà tó ń jí ẹran mi, ó sì wọlé sínú ọkọ̀. Ó jókòó sáàárín Tàǹtí àti àpò àgbàdo kan, n kò rí i mọ́.

A ń rìn padà. Lẹ́yìn tí a kọjá ilé ìkẹyìn, mo sọ ọ́ fún Bàbá. Gbogbo rẹ̀: pé Mùsíyé kò sọ ọ̀rọ̀ ewé rí, pé wọ́n ní kí a má fọwọ́ kan omi, pé mo tún fi ọ̀rọ̀ náà sí Bàbá lọ́rùn nínú ọkọ̀. Ẹsẹ̀ Bàbá kò dúró. Mo rò pé wọn kò gbọ́, mo fẹ́ tún un sọ.

"Mo mọ̀," wọ́n ní. "Láti ìdí oúnjẹ ọjọ́ yẹn. Òyìnbó wo ló ń dé omi bí ebè?"

Mo bi wọ́n pé kí ló dé nígbà náà.

Wọ́n ní àwọn ti ń jókòó létí omi yẹn láti ìgbà tí ọyẹ́ kò ti dé, ọwọ́ ń bẹ lápá àwọn, kò rí nǹkan kan ṣe. Wọ́n ní àgbẹ̀ lè fara da ọ̀dá, ó lè fara da eéṣú, ṣùgbọ́n kó jókòó kó máa wò, ìyẹn kò sí nínú ohun tí bàbá tàwọn kọ́ àwọn. "O fún mi níṣẹ́. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ, mo sì kọrin lé e lórí."

Wọn kò ní àwọn dárí jì mí. N kò bẹ̀ wọ́n. Nígbà tí a rí èéfín ilé wa, wọ́n dúró fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìyá mi ti jáde sójú ọ̀nà, wọ́n ń wo ẹ̀yìn wa bí ẹni pé ẹnì kẹta lè ṣì yọ.

Bàbá ní, "Má sọ fún ìyá rẹ pé mo mọ̀."

Mo ṣèlérí. Mo ti parọ́ fún ìyá mi ní ọgọ́rùn-ún ìgbà, nítorí ẹran, nítorí ìwé ilé-ẹ̀kọ́, nítorí ewúrẹ́. Èyí ni àkọ́kọ́ tí ẹnìkan bẹ̀ mí pé kí n pa, n kò sì rí ohun tí mo lè fi kún un.